Akíntọ́lá-takú

Akíntọ́lá-takú, tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Chromolaena odorata, jẹ́ ewéko olóòórùn líle tí ó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937, nígbà tí irúgbìn rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ irúgbìn igi mẹ̀láínà tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka. Àwọn ènìyàn so orúkọ rẹ̀ mọ́ Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, Prẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí ó takú sórí ipò nígbà tí wọ́n yọ ọ́ ní 1962.

Bí a ṣe ń mú un kúrò nínú ọgbà

Àdá nìkan kò ká a: bí a gé e, bí a dáná sun ún, ìdí rẹ̀ yóò tún rúwé. Ọkọ́ ni a fi ń hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, nígbà tí òjò ṣì mú kí ilẹ̀ rọ̀, kí ó tó tanná ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn náà, a lè gbin ẹ̀gúsí láti bo ilẹ̀, nítorí kò fẹ́ràn ìbòòji.

Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Nítorí náà, ní àdúgbò tí ilé ti fún mọ́ra bíi Pedro ní Ṣómólú, ilẹ̀ òfìfo kan tí a kò ro lè sọ làálàá gbogbo ọgbà tí ó yí i ká di asán.