Ìjà wo ló ń gba ènìyàn là? Ohun tí òkè Ṣábẹ̀ àti odi Kétu sọ fún wa



Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì wa ní Bobè. A ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ogun Dàhọ̀mẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sókè. Àwọn olè ti gba alùpùpù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ọ̀nà lóru, wọ́n sì lù ú dé ojú ikú. Ó ní: «Mẹ́tìrì, nínú karate, judo àti ìjà ẹ̀ṣẹ́, èwo ni kí n kọ́, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè ṣe mí bẹ́ẹ̀?» Gbogbo kíláàsì dákẹ́. A rí i pé ọmọ náà kò ṣe àwàdà. A ní kó fún wa ní àyè láti ronú, nítorí èsì tó kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu kò tó èsì. Ohun tí a rò náà nìyí.

Ní ọdún 1861, àlùfáà kan láti Ítálì, Francesco Borghero, dé Àgbómẹ̀ lọ́dọ̀ ọba Glèlè. Wọ́n ṣe eré ogun fún un kó wò. Wọ́n to ẹ̀gún jọ bí ẹni mọ odi, àwọn jagunjagun obìnrin ọba sì sáré bo ẹ̀gún náà láìwọ bàtà. Ẹ̀gún ń ya wọ́n lára, wọn kò dúró, wọn kò sì pariwo ìrora. Bí ẹnì kan bá ń wá ẹni tó mọ ìjà àfarakanra jù ní gbogbo agbègbè wa láyé ìgbà yẹn, kò yẹ kó wá a jìnnà sí ààfin yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo oṣù kẹwàá ọdún 1892. Ọ̀gágun Dodds ń kó ọmọ ogun Faransé gba ẹ̀bá odò Wẹ̀mẹ̀ bọ̀, ó ń lọ sí Àgbómẹ̀. Ní Adégọ̀n, àwọn obìnrin yìí kan náà dojú kọ wọ́n. Àwọn Faransé ní ìbọn Lebel, ọ̀bẹ gígùn sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó mú àdá gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ̀tá kó tó lè ṣá a. Ẹni tí ọ̀bẹ wà lẹ́nu ìbọn rẹ̀ ti gún un kó tó sún mọ́ ọn. Ìgboyà kò dín lára wọn, ẹ̀kọ́ ìjà kò sì dín. Àlàfo tó wà láàárín wọn àti ọ̀tá ló pa wọ́n. Lọ́jọ́ 17 oṣù kọkànlá, Dodds wọ Àgbómẹ̀.

(Ìwé Faransé tí wọ́n fi kọ́ àwa fúnra wa ní ìtàn pe Béhanzin ní akọni, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nílé Yorùbá, nígbà tí wọ́n bá dárúkọ Dàhọ̀mẹ̀, àwọn àgbà kì í rántí akọni. Akónilẹ́rú ni wọ́n ń rántí. A ń sọ méjèèjì fún àwọn ọmọ wa.)

Ó dáa. Àwọn tí ogun yẹn ń lé kiri ńkọ́, kí ni wọ́n fi gba ara wọn là? Ẹni tó bá ti gba Ṣábẹ̀ kọjá ti rí àwọn òkè ńláńlá tó dúró lókè ìlú. Bákan náà ni Ìdàáṣà. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ogun ń bọ̀, wọ́n á gun òkè lọ tọmọdé tàgbà. Ọ̀tá tó fẹ́ kó wọn lẹ́rú yóò gun àpáta náà pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, àwọn tó wà lókè á sì máa yí òkúta lù ú. Níhà gúúsù, àwọn Tofinu lọ kọ́ ilé sórí omi adágún Nokoué, ibẹ̀ ni Ganvié dúró sí títí dòní. Kò sí ìjàkadì kankan nínú ìyẹn. Ibi tí ènìyàn dúró sí ló gbà á.

Abẹ́òkúta ní odi, ó sì ní àpáta, ṣùgbọ́n ohun tó gbà á jù ní ọdún 1851 ni etí. Ọmọ ogun ọba Gézò kọ́kọ́ dé Ìṣàgá. Àwọn ará Ìṣàgá bá a mulẹ̀, wọ́n ṣe bí ọ̀rẹ́, wọ́n sì gbà á nímọ̀ràn pé ọ̀sán ni kó jà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbá. Nígbà tí ogun Dàhọ̀mẹ̀ fi máa dé ẹnu odi ní oṣù kẹta, Ẹ̀gbá ti múra dè é, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀. Wọ́n tún padà wá ní ọdún 1864, wọ́n tún kùnà. Ìṣàgá san gbèsè ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn: Dàhọ̀mẹ̀ pa ìlú náà run ní ọdún 1862.

Kétu ló ń dùn wá jù. Odi rẹ̀ ga, yàrà tó yí i ká jìn, ẹ̀nu-ọ̀nà Àkàbà Ìdẹ̀nà sì ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó. Ní ọdún 1883, ogun Glèlè wọ ìlú náà nígbà tí àwọn jagunjagun rẹ̀ kò sí nílé. Ní ọdún 1886, ó tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí àwọn jagunjagun wà nílé, odi sì dúró gbọn-in. Ṣùgbọ́n Dàhọ̀mẹ̀ dó ti ìlú, ebi wọlé, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ àlàáfíà tan àwọn olórí ogun jáde. Wọ́n mú wọn. Wọ́n fọ́ Kétu, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ni àwọn tó kù tó padà wá tún ìlú ṣe.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn bàbá wa fi ń kọ́ ọmọ ní ìjàkadì? Ọ̀fà tilẹ̀ sọ ọ́ di oríkì. Lọ́dọ̀ àwọn Kabiyè ní Togo, kò jìnnà sí wa, lóṣù keje ọdọọdún ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń ja Evala, kí wọ́n tó gbà pé wọ́n ti di ọkùnrin. Èrò tiwa nìyí: ìjàkadì ń kọ́ ara. Ẹni tí wọ́n ti gbé ṣánlẹ̀ nígbà púpọ̀ mọ bí a ti ń ṣubú, ó sì mọ bí a ti ń dìde. Bí ẹlòmíràn bá dì í mú, ọkàn rẹ̀ kì í fò lọ.

Jigoro Kano ní Japan rí ohun kan náà. Ní ọdún 1882, ọdún kan ṣáájú kí wọ́n tó kọ́kọ́ kó Kétu, ó dá judo sílẹ̀. Ó yọ àwọn ọgbọ́n tó lè ṣe ènìyàn léṣe kúrò nínú ìdánrawò, ó fi èyí tí ènìyàn méjì lè fi gbogbo agbára ṣe síra wọn sílẹ̀. Ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń jà lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹni tí kò fẹ́ ṣubú. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìyẹn àti ẹni tó ń gbá afẹ́fẹ́ ní ẹ̀ṣẹ́ nìkan. Láti inú judo yìí ni ìjà ìdílé Gracie ti Brazil ti jáde. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, ní Denver ní Amẹ́ríkà, Royce Gracie, tí kò sanra, ja ìjà mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sì jáwé olúborí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa sọ pé ìjà ìdìmú ló dára jù.

Àwa náà gbà pé ó dára. Ṣùgbọ́n ní Denver, ẹnì kan ló dojú kọ ẹnì kan, adájọ́ wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó mú ọ̀bẹ. Lójú ọ̀nà Bantè lóru, ta ni adájọ́? Bí o bá di ọ̀kan mú mọ́lẹ̀, ẹnì kejì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ pẹ̀lú igi.

Nítorí náà, nígbà tí a padà sí kíláàsì, a sọ fún ọmọ náà pé kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má dá rìn lóru mọ́. Bí wọ́n bá ní kó sọ alùpùpù sílẹ̀, kó sọ ọ́ sílẹ̀, kó sá lọ síbi tí iná ilé wà, kó sì máa ké. Ó bojú jẹ́. Ó ní òun kò bi wá léèrè ọ̀nà tí a ń gbà sá. A ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Ṣábẹ̀ sá, Ṣábẹ̀ sì wà níbẹ̀ lónìí. Bó bá wá fẹ́ kọ́ ìjà, kó lọ síbi tí alábàáṣe rẹ̀ yóò ti máa bá a jà lóòótọ́: ìjàkadì, judo tàbí ìjà ẹ̀ṣẹ́, èyí tó bá sún mọ́ ilé nínú wọn. Karate pẹ̀lú, bí ọ̀gá ibẹ̀ bá ń jẹ́ kí wọ́n jà.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ gbá iyanrìn jọ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Bàbá àgbà kan tó ń kọjá lọ dúró, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti igi, ó sì fi hàn wọ́n bí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ nígbà tirẹ̀. Ọmọ wa ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ̀, Ìdàáṣà àti Ìmẹ̀kọ, ṣé wọ́n ṣì ń ja ìjàkadì lọ́dọ̀ yín, orúkọ wo sì ni ẹ ń pe ìfẹsẹ̀kọ́sẹ̀ yẹn?