Bátìrì Tí Wọ́n Gbé Kúrò Ní Ààyè Rẹ̀: Ìdí Tí Kì Í Fi Gba Iná Dáadáa, Àti Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ̀dá, láti Ìdímù dé Ìgàndò, kò ṣòro láti rí ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ kò sí níbi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sí mọ́. Àwọn kan gbé e lọ sínú búùtù kí olè má baà ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì lóru kó tú u lọ. Àwọn mìíràn ra bátìrì tó tóbi ju àyè tó wà níwájú lọ. Ti ẹlòmíì, ẹ́ńjìnnì ló pààrọ̀, ẹ́ńjìnnì tuntun náà sì gba gbogbo àyè.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wàhálà lè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, ọkọ̀ á kàn máa dún "tá-tá-tá". Ríwáyà á ní bátìrì ló ti kú. Wọ́n á ra òmíràn, oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ìyẹn náà á tún rẹ̀. Ó wá ku kí wọ́n gba Ládípọ̀ ní Múṣin lọ ra alternator tòkúnbọ̀. Owó ti lọ, àìsàn ọkọ̀ ò lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà púpọ̀, bátìrì ò jẹ̀bi, alternator náà ò jẹ̀bi. Wáyà tó so wọ́n pọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kankan.

Kí ló yí padà nígbà tí bátìrì ṣípò?

Iná mọ́tò dà bí omi inú páìpù. Bí páìpù bá tín-ín-rín tó sì gùn, omi tó máa dé òdìkejì kò ní lágbára. Nígbà tí bátìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, wáyà tó so wọ́n pọ̀ kò gùn púpọ̀. Tó bá dé inú búùtù, wáyà náà lè tó mítà 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní wáyà kópà 6 mm² ni wọ́n fi ṣe é, tó gùn tó mítà 4. Bí 60 ampere bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, nǹkan bíi 0.7 volt ló máa sọnù lójú ọ̀nà. Bí alternator bá ń gbé 14.2 volt jáde, 13.5 ló máa dé orí bátìrì. Wáyà 35 mm² tó gùn bákan náà, 0.12 volt péré ló máa jẹ.

Èyí jẹ́ ọ̀nà lílọ nìkan. Iná tún gbọ́dọ̀ padà gba wáyà earth àti bọ́dì ọkọ̀. Bí wọ́n bá de earth mọ́ ibi tí ọ̀dà tàbí ìpẹtà wà, tàbí tí wáyà earth tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì ti jẹ, ọ̀nà àbọ̀ lè jẹ 0.4 volt mìíràn. Bátìrì wá ń rí 13.1. Pẹ̀lú iye yẹn, kò lè kún tán láàárín ìrìn kúkúrú àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, pàápàá nígbà tí A/C, iná iwájú àti rédíò ń ṣiṣẹ́. Bátìrì tí kì í kún sì máa ń dá nǹkan funfun sára irin inú rẹ̀, èyí tó máa ń pa á kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Kì í ṣe pé ó burú kí bátìrì jìnnà. Nínú Volkswagen T3 tí wọ́n fi ń ṣe danfo, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, abẹ́ ìjókòó èrò iwájú sì ni bátìrì wà. Nínú BMW E46, inú búùtù ló wà bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì wà níwájú. Àwọn ilé iṣẹ́ náà ṣètò wáyà tó nípọn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Bí ẹ ṣe lè fi multimeter yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ yí multimeter sí DC, níbi 20 volt. Bí ẹ kò bá ní, ẹ ní kí ríwáyà ṣe é lójú yín.

1. Láàárọ̀, kí ẹ tó sítáàtì ọkọ̀, ẹ wọn orí bátìrì méjèèjì. 12.6 volt túmọ̀ sí pé ó kún. 12.2 jẹ́ nǹkan bí ìlàjì. Bó bá wà lábẹ́ 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

2. Ẹ wo bélíìtì alternator bóyá ó ti dẹ̀ tàbí tó ti fọ́. Ẹ wo orí bátìrì bóyá ó ti hu nǹkan funfun, tàbí tó ń mì.

3. Ẹ sítáàtì ọkọ̀, ẹ tan iná iwájú, ẹ wọn ara alternator fúnra rẹ̀: ẹnu ibi tí wáyà ńlá ti jáde àti bọ́dì rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Bí kò bá dé ibẹ̀, alternator tàbí bélíìtì ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà inú àwọn ọkọ̀ tuntun kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dín iye yìí kù.

4. Ẹ wá wọn orí bátìrì nínú búùtù bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí alternator bá ní 14.2, tí bátìrì ní 13.2, ẹ ti mú olè náà. Ojú ọ̀nà ló wà.

5. Kí ẹ lè mọ apá tó jẹ̀bi, ẹ fi ẹsẹ̀ multimeter kan sẹ́nu wáyà ńlá alternator, ìkejì sórí pọ́sítíìfù bátìrì. Kò yẹ kó ju 0.3 volt lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀kan sí bọ́dì alternator, ìkejì sórí nẹ́gátíìfù bátìrì. Kò yẹ kó ju 0.2 lọ. Èyí tó bá kọjá ààlà ni ẹ máa tún ṣe.

Bí wáyà bá ló fà á

Ẹ sọ fún ríwáyà pé wáyà kópà gidi tó nípọn lẹ fẹ́. Àwọn wáyà kan wà lọ́jà tó jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kópà bò lásán, tí iná kì í sì í rìn nínú wọn bíi ti kópà. Ẹ há a díẹ̀ wò: bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà.

Fún earth, kí wọ́n ha ọ̀dà kúrò títí irin yóò fi hàn, kí wọ́n dè é dáadáa, kí wọ́n fi gíríìsì bò ó kó má baà dípẹtà. Wáyà earth láàárín ẹ́ńjìnnì àti bọ́dì náà gbọ́dọ̀ nípọn. Ó tún dára jù bí wáyà kan bá lọ tààrà láti nẹ́gátíìfù bátìrì dé ara ẹ́ńjìnnì.

Àwọn alternator kan ní wáyà tín-ín-rín tó ń wo iye volt tó dé bátìrì. Bí irú rẹ̀ bá wà, orí bátìrì níbi tuntun ni kí wọ́n so ó mọ́.

Ohun tó lè jó ọkọ̀

Wáyà pọ́sítíìfù tó gba inú ọkọ̀ kọjá lọ sẹ́yìn lè kan irin bọ́dì. Bí kò bá sí fíùsì, bátìrì á tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ampere sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, rọ́bà á yọ́, iná á sọ. Nítorí náà, kí fíùsì ńlá tó bá wáyà mu wà nítòsí bátìrì gan-an. Kí rọ́bà wà níbikíbi tí wáyà ti gba ihò irin kọjá. Kó jìnnà sí páìpù epo àti ẹsọ́ọ̀sì. Kí wọ́n de bátìrì mọ́lẹ̀ kó má máa yí nígbà tí ọkọ̀ bá wọ kòtò.

Bátìrì olómi máa ń tú gáàsì tó ń gbiná. Bó bá wà nínú búùtù tàbí lábẹ́ ìjókòó, ó gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí tó ní páìpù tó ń gbé gáàsì yẹn jáde síta.

Bí ẹ bá fẹ́ tú u, nẹ́gátíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, òun náà ni kí ẹ so gbẹ̀yìn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi dán alternator wò. Volt lè fò sókè lójijì, kó jó alternator àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Multimeter ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ láìba nǹkan jẹ́.

Bí ẹ bá gbóòórùn rọ́bà tó ń jó tàbí tí ẹ rí èéfín, ẹ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì jìnnà. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó ni 112 àti 767.