Fọ́ńkì: Ọ̀rọ̀ Tí Òógùn Bí

Bí Yorùbá bá ní òógùn ojú òun ni òun fi kọ́lé, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń wí. A ń yin òógùn. Ṣùgbọ́n a kì í yin òórùn rẹ̀. Ẹni tó bá ti oko dé, omi ìwẹ̀ la kọ́kọ́ ń bá a wá.

Àwọn ará Kóńgò ń yin òórùn náà. Lu-fuki ni wọ́n ń pè é, òórùn ara kíkan, wọ́n sì ń fi sà ẹni tó ṣiṣẹ́ ọnà rẹ̀ débi tí ara rẹ̀ fi sọ ọ́. Robert Farris Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé Flash of the Spirit ní 1983, ìwé tó fi àwa Yorùbá bẹ̀rẹ̀, ló ní inú lu-fuki ni àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti mú fọ́ńkì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe irú orin ijó wọn kan. Àwọn mìíràn ní èéfín ni gbòǹgbò rẹ̀, pé láti inú èdè Látìn ló ti gba ilẹ̀ Faransé dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èéfín ò sọ fún wa bí òórùn burúkú ṣe di oríyìn. Lu-fuki sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi wà lẹ́yìn Thompson.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń rántí bí mo bá ń gbọ́ ẹgbẹ́ olórin The Brand New Heavies, àwọn ọmọ Ealing, ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1985. Jan Kincaid ń lu ìlù, Andrew Levy wà nídìí béèsì, Simon Bartholomew ń ta jìtá. Inú oyè tí James Brown, akọrin fọ́ńkì ará Amẹ́ríkà, jẹ lára àwo orin, mínísítà fọ́ńkì tuntun tó wúwo, ni wọ́n ti fa orúkọ wọn yọ.

Ti acid jazz tí wọ́n ń pe irú orin wọn, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, omi bátìrì ọkọ̀ ni ásíìdì. Ní gbòǹgbò, ohun tó kan ni, bí omidùn ògì. Kò sí ohun tó kan nínú orin náà. Acid house, orin tí ẹ̀rọ ń lù, ló gbòde kan ní àwọn ilé ijó Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ni àwọn tó ń lo àwo jáàsì àti fọ́ńkì àtijọ́ bá yá orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Gilles Peterson àti Eddie Piller fi sọ ilé iṣẹ́ àwo orin wọn, Acid Jazz. Ibẹ̀ ni àwo àkọ́kọ́ àwọn Heavies ti jáde ní 1990.

Èyí tó bá lu-fuki mu jù nínú àwo wọn ni Heavy Rhyme Experience, ti 1992. Àwọn onírápù ìgbà náà a máa gé ègé orin àtijọ́, ẹ̀rọ a sì máa tún un lù, kò ní rẹ̀ ẹ́. Àwọn Heavies pe àwọn onírápù Gang Starr, Main Source àti The Pharcyde, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn lu gbogbo rẹ̀. Ẹ fetí sí ìlù Kincaid: ìró kan a le díẹ̀ ju èkejì lọ, bí ti onígángan tó ń lu ìlù lójú agbo. Béèsì á balẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ níbi ìró àkọ́kọ́, jìtá á sì máa ha ara rẹ̀ gba àárín wọn kọjá. Èèyàn ló ń ṣe é. Ọwọ́ ń ro wọ́n.

N'Dea Davenport, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ orin tí wọ́n fi gbajúmọ̀ jù, títí dé àwo Brother Sister ní 1994. Lẹ́yìn tó lọ, Siedah Garrett kọ ti àwo Shelter ní 1997. Kincaid náà ti bá tirẹ̀ lọ. Levy àti Bartholomew ló kù nídìí orúkọ náà, nígbà tí wọ́n sì gbé àwo TBNH jáde ní 2019, ilé iṣẹ́ Acid Jazz ni wọ́n padà sí.