Orúkọ Tó Yẹ Àwọ̀ Ojú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó ń ya fọ́tò aṣọ òkè fún títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì á mọ ìṣòro yìí. Ẹtù tó ṣú dáadáa lójú oòrùn á di aró títàn lójú kọ̀ǹpútà. Oníbàárà á gbà á tán, á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ohun tó ń dènà èyí ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní calibration. Ó yẹ kó ní orúkọ lédè wa, àmọ́ kí a má fi orúkọ kan pe iṣẹ́ méjì tó wà nínú rẹ̀.

Èkíní ni kí a yí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà títí wọn yóò fi bá iye tí a fẹ́ mu. Àwọn oníṣẹ́ àwòrán sábà máa ń fi ìmọ́lẹ̀ sí kàńdẹ́là 80 sí 120 lórí mítà kan níbùú lóròó, gámà (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń lé sí i láti dúdú dé funfun) sí 2.2, funfun sí D65, ìyẹn nǹkan bí 6500 Kelvin. Ìmúbóṣùwọ̀nmu ni mo pe èyí. Ní ti èkejì, ẹ̀rọ awọnàwọ̀ tí a gbé lé ojú kọ̀ǹpútà á ka àwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì kọ ohun tó rí sínú fáìlì kan, ní ìlànà ẹgbẹ́ ICC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993. Fáìlì àpèjúwe-àwọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá pe méjèèjì ní “àtúnṣe àwọ̀” ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí àpèjúwe kì í ṣe àtúnṣe.

Funfun ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn òyìnbó ní funfun kan gbóná, òmíràn tutù. Bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n ní ó tutù gan-an ni iye Kelvin rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n ìgbóná, ga jù. Kí la fẹ́ fi ìdàrúdàpọ̀ yẹn ṣe? Funfun tó ń pọ́n wà, funfun tó fà sí aró náà wà, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní yé. D65 tí àjọ CIE fi dúró fún ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, ẹ jẹ́ ká pè é ní funfun atọ́nà.

Dúdú gba ìṣọ́ra. Aṣọ tó bá mu aró yó, dúdú là ń pè é. Lójú kọ̀ǹpútà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò sí ni dúdú. Nítorí náà, kí àwọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́ta jẹ́ pupa, ewé àti aró, kí dúdú dá dúró.

Ìwọ̀n àwọ̀ tí ojú kọ̀ǹpútà lè gbé jáde, ààlà àwọ̀ ni: ti ètò àwọ̀ Adobe RGB (1998) fẹ̀ ju ti ètò sRGB lọ, pàápàá níhà ewé. Delta E, tó ń wọn bí àwọ̀ méjì ṣe yàtọ̀ síra, ìyapa àwọ̀ ni. Bó bá wà ní nǹkan bí 1, agbára káká ni ojú fi ń rí i. Gámà àti Kelvin, kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ayàwòrán àti ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ lo àwọn orúkọ yìí lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí kò bá rọ ẹnu lọ́rùn, ẹ fi èyí tó sàn jù rọ́pò rẹ̀.