Èsúsú: Ogún Tí A Gbé Ti Ilé Wá Sí Kánò

Lọ́dọọdún tí ẹgbẹ́ wa bá ń ṣe ọjọ́ àṣà, ohun tí a máa ń kó jáde kì í yàtọ̀: ìlù dùndún, aṣọ òfì, ijó, àmàlà àti gbẹ̀gìrì, àti àwọn ọmọdé tí wọ́n ń ki oríkì orílẹ̀ wọn. Gbogbo rẹ̀ dára, a kò sì ní dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìrántí ti ọdún yìí, a fẹ́ pe àkíyèsí ẹ̀yin òǹkàwé wa sí àṣà kan tí a kì í gbé sórí pèpéle, nítorí pé kò ní ìlù, kò sì ní aṣọ. Síbẹ̀, agbára káká ni a fi lè rí ilé Yorùbá kan ní ìlú yìí tí kò tíì jẹ nínú àǹfààní rẹ̀. Èsúsú ni, tí àwọn mìíràn nínú wa ń pè ní èésú.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2003, àjọ UNESCO fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Paris lórí àṣà tí ó wà láàyè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé tàbí ère ni àdéhùn yìí ń sọ, bí kò ṣe ìmọ̀, ìṣe àti ọgbọ́n tí ìran kan ń fi lé ìran kejì lọ́wọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé láti 2008. Ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ wọlé ní 2023, Dọ́bà ti àwọn onílé wa níhìn-ín ní Kánò náà sì wọlé ní 2024. Ìwé àdéhùn náà sọ pé irú àṣà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun ìdánilójú fún ìdàgbàsókè tí yóò tọ́jọ́. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá àpẹẹrẹ rẹ̀ kò ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bí ó ṣe san owó ilé-ìwé rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí lè máa rò pé inú ọjà Sabon Gari ni èsúsú ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àlùfáà Samuel Johnson náà ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí ó kọ parí ní 1897 àmọ́ tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná láyé ìgbà náà. Ká ní ènìyàn mẹ́wàá ló para pọ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá ẹgbàá, ìyẹn ẹyọ 2,000, láti ọjọ́ ọjà kan sí èkejì. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé, ẹnì kan ni yóò kó gbogbo rẹ̀, ẹyọ 20,000, tí í ṣe ọ̀kẹ́ kan gééré. Bí ọjọ́ ọjà mìíràn bá pé, ó kan ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Kò sí èlé. Iye tí o dá ni iye tí o kó. Ẹni tó kọ́kọ́ kó ti yá owó láì san èlé lórí rẹ̀. Ẹni tó kó gbẹ̀yìn ti tọ́jú owó síbi tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kò ti lè tètè tó o. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbìyànjú àtifi owó pamọ́ sábẹ́ ibùsùn mọ ohun tí a ń wí.

Ẹni tí owó bá ká mọ́ láyé ìgbà náà, bóyá nítorí ìsìnkú bàbá rẹ̀ tàbí ìdána ìyàwó, tí kò sì ní èsúsú tí yóò kó, ilé olówó ló ń lọ. Yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe dúró fún èlé ni. Kò dín ohunkóhun kù nínú gbèsè fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló dàgbà sí oko olóko nítorí owó tí bàbá wọn yá. Nítorí náà, èsúsú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé àti àríyá lásán fún àwọn baba ńlá wa. Ohun tó ń yọ ọrùn ọmọ ènìyàn kúrò lábẹ́ àjàgà ni.

Ọ̀mọ̀wé William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí èsúsú ní 1952. Ó ṣàlàyé pé èsúsú tó bá tóbi a máa pín sí ọ̀nà, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan a sì ní olórí tirẹ̀. Olórí èsúsú kò ní láti mọ gbogbo ènìyàn; olórí ọ̀nà ló gbọ́dọ̀ mọ àwọn tirẹ̀. Ibí yìí gan-an ni agbára èsúsú wà. Ohun ìdógò rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀, kì í sì í ṣe wúrà. Ìwà ènìyàn ni, àti ẹni tó lè dúró fún un.

Kí a má baà da ọ̀rọ̀ pọ̀, àjọ tí alájọ ń gbà káàkiri yàtọ̀ sí èsúsú. Alájọ a máa gba owó lójoojúmọ́, a sì dá a padà lópin oṣù, lẹ́yìn tí ó bá ti yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tí orí rẹ̀ bá pé, alájọ Ṣómólú ni a ń fi í wé. Ènìyàn gidi ni, kì í ṣe àlọ́: Alphaeus Taiwo Olunaike, tí a bí ní 1915, tí ó sì dolóògbé ní 2012. A máa ń sọ ọ́ pé ó ta mọ́tò ó fi ra kẹ̀kẹ́, àwọn èwe a sì máa fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mọ́tò kò lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà alájọ ń gbé, kẹ̀kẹ́ lè wọ̀ ọ́.

Ọkọ̀ ẹrú kò gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tí a dè. Síbẹ̀, èsúsú sọdá òkun, nítorí pé inú orí ni wọ́n gbé e sí. Ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é títí di òní, wọ́n ń pè é ní asue ní Bahamas, àwọn Àkú sì gbé e dé Sàró. Kò sí ìjọba tó kọ́ wọn, kò sì sí báńkì tó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Àwa náà gbé e wá síhìn-ín. Àwọn Yorùbá kan ti wà ní Kánò ṣáájú àwọn Òyìnbó, àdúgbò Ayagi nínú ìlú àtijọ́ sì jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí réluwé dé Kánò ní 1911 ni a bẹ̀rẹ̀ sí dé wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀: òṣìṣẹ́ réluwé, akọ̀wé, télọ̀, àwọn aláṣọ láti Ògbómọ̀ṣọ́, Òffà, Ìlọrin, Ìjẹ̀bú àti Abẹ́òkúta. Ẹ ro ipò tí àlejò bẹ́ẹ̀ wà. Kò ní ilẹ̀ tí yóò fi dógò, kò ní ẹ̀gbọ́n tí yóò dúró fún un. Báńkì wà, àmọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Òyìnbó ni báńkì ń wò, kì í ṣe ẹni tó gbé aṣọ mẹ́wàá sórí kiri. Nítorí náà ìpàdé ọmọ ìlú ni àlejò kọ́kọ́ ń wá. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti bi í pé ọmọ ta ni, láti agbo ilé wo. Bí wọ́n bá ti mọ ilé rẹ̀, ó di ẹni tó lè dá èsúsú. Ohun tí owó náà di ni ẹ̀rọ ìránṣọ, bẹ́ẹ̀lì aṣọ àkọ́kọ́, owó ilé-ìwé, àti páànù orí ilé tí a kọ́ sílé fún àwọn òbí.

Àwọn aládùúgbò wa náà ní tiwọn. Adashi ni Hausa ń pè é, dashi ni ti Nupe, isusu sì ni ti Igbo. Èyí ló mú kí ó rọrùn fún àwọn ìyá wa láti bá wọn dá a pọ̀ nínú ọjà. Ní tiwa, a kò rí ohun mìíràn tó tètè ń sọ àjèjì di ará ọjà bí èyí. Ẹni tí owó rẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní fẹ́ kí ibi ṣẹlẹ̀ sí ọ.

Ìjọba pàápàá ṣe nǹkan tó jọ ọ́. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní 1935, nígbà tí èsúsú ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún dáadáa.

Kí ló wá dé tí a fi ń kọ èyí bí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já? Nítorí pé àwọn ọmọ wa ti ń fi èsúsú sílẹ̀ fún ohun tó jọ ọ́ lójú, tí kì í sì í ṣe òun. MMM ṣe ìlérí ìdá 30 nínú 100 lóṣooṣù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016 ó ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn. CBEX ní òun yóò sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín 30 ọjọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 òun náà wó. Ìyá tó ń dá èsúsú yóò kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta ni olórí yín, níbo ló ń gbé?" Ìbéèrè yìí ni kò sí ẹni tó lè dá lóhùn. Èsúsú kò fi nǹkan kan kún owó ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò lè wó bí wọ́n ṣe wó. Ohun tó lè bà á jẹ́ ni ẹni tó bá kó tán tí ó sá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹni tuntun sí ẹ̀yìn, tí wọ́n sì ń béèrè onídùúró.

A kò sọ pé kò ní àbùkù. Ní 2024, ọ̀wọ́n gógó ọjà kọjá ìdá 30 nínú 100. Ẹni tó kó kẹtàlá nínú èsúsú oṣooṣù rí i pé iye owó pé, ṣùgbọ́n ohun tí owó náà lè rà ti dín kù gidigidi. Àwọn obìnrin ọjà ti rí ọgbọ́n sí i: wọ́n gé yíyí rẹ̀ kúrú sí ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, àwọn mìíràn sì ń fi ti wọn ra àpò ìrẹsì tàbí màlúù kí ọdún tó dé. Báyìí ni àṣà tó wà láàyè ṣe ń ṣe. Kì í dúró gbagidi. Fóònù náà kò burú. Nígbà tí owó bébà wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ èsúsú gbà yè. Fóònù lè fi owó ránṣẹ́, àmọ́ kò lè sọ ọmọ ẹni tí ènìyàn jẹ́ fún ọ.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé àwọn ọmọ kì í jókòó tì wá mọ́ nígbà tí a bá ń kà á. Tẹ́lẹ̀ rí, ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ń bá ìyá rẹ̀ gbé owó lọ sílé olórí, ó ń gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń bá ẹni tí kò rí tirẹ̀ dá sọ̀rọ̀ láì dójú tì í, àti bí wọ́n ṣe ń fi ipò kíkó sílẹ̀ fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwòsàn. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò sí nínú ìwé kankan. Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ẹni tí kò sì gbọ́ èdè náà dáadáa kò ní mọ ìgbà tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n kìlọ̀.

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ti dábàá pé kí ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ wa dá èsúsú tiwọn sílẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé oṣooṣù, ènìyàn mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́nà kọ̀ọ̀kan, kí ìyá kan máa jókòó ti ọ̀nà kan, kí gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá. Iye tí wọn yóò máa dá kò ní pọ̀. Àwọn tí yóò ṣe olórí ọ̀nà ni a ṣì ń wá, àwọn òbí tó bá ní ọmọ tí ó ṣeé fọkàn tán lè fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé.