Láti Ẹnu Bàbá Ẹlẹ́gùn dé Ìdíje Jọ́gíráfì Àgbáyé

Kí ilé-ìwé tó dé ilẹ̀ Kétu ni ìdánwò jọ́gíráfì ti wà níbẹ̀, ojú ìlú sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí Alákétu tuntun bá fẹ́ gorí ìtẹ́, Bàbá Ẹlẹ́gùn, oyè tí ìdílé Oyèdé ń jẹ, ni yóò ka ìtàn ìlú látorí dé ìdí: bí Ṣóìpaṣàn ṣe kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, bí wọ́n ṣe tẹ̀dó sí Òkè-Ọyán, bí wọ́n ṣe ṣí lọ sí Aró, àti bí Ẹ̀dẹ, ọba keje, ṣe kó wọn dé ibi tí Kétu wà títí dòní. Ọ̀nà tí wọ́n gbà, ibi tí wọ́n sùn, ogun tí wọ́n jà, orúkọ ọba kọ̀ọ̀kan, inú orí Bàbá Ẹlẹ́gùn ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn bí ọmọ ilẹ̀ yìí ṣe ń múra fún ìdíje lórí ìmọ̀ ilẹ̀ ayé, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ òkè tó tẹ́jú ni ilẹ̀ Kétu. Nínú àwọn ilẹ̀ òkè gúúsù Benin, òun àti ti Aplahoué, ti Àgbómẹ̀ àti ti Zagnanado ló tò sí apá àríwá kòtò ńlá tí wọ́n ń pè ní Lama. Ti Allada àti ti Ṣakẹ́tẹ́ wà ní apá gúúsù rẹ̀. Erùpẹ̀ ibẹ̀ pupa, ó sì jinlẹ̀. Ìgbà òjò méjì ló máa ń wà níbẹ̀ lọ́dún, ṣùgbọ́n omi máa ń rì wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi gbẹ́ ihò sílẹ̀ láti máa gba omi òjò pamọ́. Ìlú tí kò lódò nítòsí ní láti ronú nípa omi lójoojúmọ́. Àlùfáà Ajayi Crowther dé ìlú náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1853, nígbà tí odi rẹ̀ ṣì dúró, tí ẹnubodè Akaba Ìdènà sì ń ṣọ́ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Ní ti ìjọba òde òní, abẹ́ ẹkùn Plateau ni Kétu wà, pẹ̀lú Pọ́bẹ̀, Ṣakẹ́tẹ́, Ìfọ̀ǹyìn àti Àjà-Wẹ̀rẹ̀, ẹkùn tí wọ́n yọ lára Wẹ̀mẹ̀ ní 1999.

Ohun kan wà nínú ìtàn máàpù ilẹ̀ yìí tí mo gbà pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Kétu gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó kọ́ orúkọ olú-ìlú ilẹ̀ òkèèrè kankan. Ní 1886, nígbà ayé Glèlè, ọba Dàhòmì, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣẹ́gun Kétu, wọ́n wó o, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba tó jẹ lẹ́yìn Glèlè, ni àwọn tó ṣẹ́kù tó rí ọ̀nà padà wálé, ní nǹkan bí 1893 sí 1894. Láàárín àsìkò tí ìlú fi wà ní ahoro ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó ní Yúróòpù, tí wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, tó pín ilẹ̀ náà láàárín wọn. Wọ́n fa ìlà sórí ilẹ̀ nígbà tí àwọn tó ni ín kò sí nílé. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, Ìlárá, Ìwóyè àti Ìdọ̀fà, tí wọ́n jẹ́ ti Alákétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìlà yẹn pín ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì náà sí méjì. Ní apá Faransé, òfin ọdún 1924 sọ pé èdè Faransé nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ́ni ní ilé-ìwé. Olùkọ́ a kọ àkópọ̀ ẹ̀kọ́ sójú pátákó, ọmọ a há a sórí, a sì kà á jáde lọ́jọ́ ìdánwò. Títí di òní, ìtàn àti jọ́gíráfì jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Benin, olùkọ́ kan náà ló sì ń kọ́ wọn. Ní apá Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ WAEC, àjọ ìdánwò ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, jọ́gíráfì dá dúró ní tirẹ̀. Ọmọ ìyá méjì lè máa gbé ní Kétu àti Ìmẹ̀kọ, kí wọ́n kọ́ nípa ilẹ̀ kan náà lọ́nà méjì, ní èdè àjèjì méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ló sọ ọ̀ràn yìí di ìmọ̀ tí ayé ń kà: ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba òyìnbó jáde ní 1976, ó sì ṣe olóòtú *Partitioned Africans* ní 1985. Bí ẹnìkan bá ní ọmọ abúlé ẹnu ààlà kò lè kọ́ gbogbo ayé ní jọ́gíráfì, iṣẹ́ Asiwaju ti dá a lóhùn.

Ìdíje jọ́gíráfì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ayé ń ṣe lónìí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ní 1988, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kò mọ máàpù ayé dáadáa. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ National Geographic dá ìdíje sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ìbéèrè ẹnu ni wọ́n sì fi ń ṣe é: olú-ìlú wo, odò wo, òkè wo? Ní 1993 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ti àgbáyé, ní London, ó sì ń wáyé lẹ́ẹ̀kan ní ọdún méjì títí di ti Saint Petersburg ní 2013, tó jẹ́ ìkẹyìn. Ìdíje ilé Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kógbá wọlé ní 2021, lẹ́yìn tí àrùn Kòfíìdì ti dá a dúró. Ọmọ tó bá ní irú orí Bàbá Ẹlẹ́gùn ì bá ṣe dáadáa níbẹ̀.

Èyí tó ṣì ń lọ ni iGeo, Olympiad jọ́gíráfì àgbáyé, ọ̀nà mìíràn ni ó sì gbà. Ní Prague ní 1994, níbi ìpàdé àjọ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì àgbáyé, ni wọ́n ti gbèrò rẹ̀. Orílẹ̀-èdè márùn-ún péré ló kópa nínú àkọ́kọ́, ní The Hague ní 1996. Ọdún méjì méjì ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é, ó sì di ọdọọdún láti 2012. Ó ti wá sí Áfíríkà, sí Durban ní 2002 àti Carthage ní 2008. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 16 sí 19, ló ń ṣojú orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Nínú máàkì 100, 40 wà fún ìdánwò àkọsílẹ̀, 20 fún ìdánwò tí wọ́n ń fi àwòrán àti máàpù ṣe lójú kọ̀ǹpútà, 40 yòókù sì wà fún iṣẹ́ ìta. Iṣẹ́ ìta yìí ló mú kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí. Wọ́n á kó àwọn ọmọ lọ sí àdúgbò kan tí wọn kò dé rí, wọ́n á ní kí wọ́n fi ojú ara wọn wò ó, kí wọ́n ya máàpù rẹ̀, kí wọ́n sì dábàá ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe síbẹ̀.

Ọmọ Kétu kò ní láti wá ibi ìdánrawò lọ jìnnà. Kó bẹ̀rẹ̀ láti Akaba Ìdènà, kó tọ ipasẹ̀ odi àtijọ́, kó máa sàmì síbi tí ilé ti bo yàrà odi mọ́lẹ̀ àti ibi tí yàrà ṣì hàn. Bí ìlú ṣe ń fẹ̀ nìyẹn, ìbéèrè tó sì máa ń jẹ yọ nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni. Kó ka iye ẹ̀rọ omi àti kànga àdúgbò rẹ̀, kó wá béèrè ìdí tí wọ́n fi pọ̀ níhìn-ín tí wọ́n sì ṣọ̀wọ́n lọ́hùn-ún. Kó gba ọ̀nà Ìlárá lọ wo ààlà. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń ta kpayo (epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó wọlé) lẹ́bàá ọ̀nà, sí àwọn tó ń kó àgbàdo àti tòmátì kọjá, sí owó ọkọ̀? Àwọn àgbà tó wà lọ́jà lè dáhùn. Ọmọ tó bá béèrè lọ́wọ́ wọn, tó kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, tó sì fi wọ́n ya àtẹ, iṣẹ́ onímọ̀ jọ́gíráfì gan-an ló ń ṣe.

Ayé tó jìnnà náà kò jìnnà sí i tó bó ṣe rò. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó kọjá òkun gbé orúkọ Kétu dé Bahia ní Brazil, níbi tí ẹ̀yà ẹ̀sìn Candomblé tó gbajúmọ̀ jù ti ń jẹ́ Ketu títí dòní. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé Kétu ni orísun rẹ̀, ni UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún Benin, Nàìjíríà àti Togo pọ̀. Kí olùkọ́ gbé máàpù Òkun Àtìláńtíìkì kalẹ̀, kó fa ìlà láti Kétu dé etíkun, láti etíkun dé Salvador ní Bahia. Ẹ̀kọ́ nípa ìṣíkiri àwọn ènìyàn yóò wọ ọmọ náà lára ju orúkọ olú-ìlú ogún lọ.

Èdè ni ìṣòro tó le jù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe iGeo, èdè Faransé sì ni ọmọ Kétu fi ń kàwé. Ẹnu ààlà tún ràn án lọ́wọ́ níhìn-ín, torí ọ̀pọ̀ ni ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń lo ìwé jọ́gíráfì WAEC ní Ìmẹ̀kọ tàbí Abẹ́òkúta. Kí wọ́n yá ara wọn níwèé. Ìbéèrè àtijọ́ iGeo wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máàpù OpenStreetMap náà sì wà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kún fúnra rẹ̀: ọ̀nà abúlé, kànga, ọjà, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe ibẹ̀. Olùkọ́ kan tó ní fóònù kan àti ọmọ mẹ́rin tó fẹ́ràn ìbéèrè lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú àdúgbò tí ilé-ìwé wọn wà.