Ẹyinjú ni ẹ̀rọ ń rí, kò rí ojú

Àbúrò mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣesí ènìyàn ló gbé ìwé kan wá bá mi pé kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ìwé tí àwọn tí yóò kópa nínú ìwádìí yóò fọwọ́ sí ni. Wọn yóò wọ gíláàsì kan tó jọ gíláàsì ojú lásán, àmọ́ kámẹ́rà kéékèèké wà nínú rẹ̀ tó dojú kọ ẹyinjú, òmíràn sì dojú kọ iwájú. Iná tí ènìyàn kò lè rí ló ń tàn sí ẹyinjú. Kámẹ́rà á máa ya ọmọ ojú àti bí iná yẹn ṣe ń dán lórí ẹyinjú, àwọn kan ń ṣe é nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò ibi tí ẹni náà kọjú sí. Èèyàn lè wọ̀ ọ́ nájà, ó lè wọ̀ ọ́ dáná.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú ìwé méjì péré ni," ló wí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí.

Mo ti rò pé n kò ní rí ọ̀rọ̀ lò. Irọ́ ni, ọ̀rọ̀ ló pọ̀jù. Yorùbá ń wò, ó ń rí, ó ń wòye, ó ń tẹjú mọ́, ó ń gán-án-ní, ó ń yọjú, ó ń mójú tó. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé gbogbo wọn ló ti dá ẹjọ́ ẹni tó ń wò kí ẹ̀rọ tó sọ tirẹ̀. Ẹni tó tẹjú mọ́ nǹkan, ó ní ohun tó ń wá níbẹ̀. Ẹni tó yọjú, kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn. Ibi tí ọmọ ojú kọjú sí nìkan ló mọ̀.

Orúkọ iṣẹ́ náà ni mo kọ́kọ́ bá wọ̀jà. Ìtọpasẹ̀ ojú ló bọ́ sí mi lẹ́nu, bí yóò ti bọ́ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni, ti ẹni tó ń wo ojú ẹsẹ̀ ẹran lórí ilẹ̀ rírọ̀. Ojú kò lẹ́sẹ̀ ní tirẹ̀. Mo gé ẹsẹ̀ náà kúrò, ó ku ìtọpa. Ọ̀rẹ́ mi kan dábàá ìṣọ́jú, ó ní ó kúrú, ó sì dùn ún pè. N kò gbà fún un: olè ni wọ́n ń ṣọ́, tàbí ẹlẹ́wọ̀n, ta ni yóò sì fọwọ́ sí ìwé bẹ́ẹ̀?

Lẹ́yìn èyí ni ojú fúnra rẹ̀ wá di wàhálà. Ojú lè tini, ojú lè pọ́nni, ojú lè kánni. Bí a bá sọ pé ẹnìkan kò lójú àánú, kì í ṣe dókítà ojú ni a ń wá fún un. Ní èdè wa, ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ènìyàn odidi. Mo bá ṣe òfin kan fún ara mi: ohun tí ẹ̀rọ bá wọ̀n, ẹyinjú ni n ó pè é, ohun tí ènìyàn bá ṣe, ojú. Bí ìtọpa ẹyinjú ṣe wáyé nìyẹn, tí gíláàsì sì di gíláàsì atọpa-ẹyinjú. Ọmọ ojú ò fún mi níṣẹ́ kankan ní tirẹ̀. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà pe ibẹ̀ yẹn ní pupilla, ọmọdébìnrin kékeré, nítorí àwòrán kínún tí à ń rí níbẹ̀ bí a bá sún mọ́ ojú ẹlòmíràn. Ta ló kọ́ ta?

Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni ìrìn ẹyinjú. Ní Paris, nígbà tí ọdún 1880 ń súnmọ́lé, Émile Javal àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kíyè sí i pé ojú ẹni tó ń kàwé kì í rọra yọ́ lọ lórí ìlà. Ó ń fò, ó ń dúró, ó tún ń fò. Ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n fi pe fífò yẹn, saccade, láti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ṣin ló ti wá: bí ó ṣe ń fa ìjánu lójijì. Bí Faransé bá lè mú tirẹ̀ ní ibùso ẹṣin, èmi náà lè mú tèmi lórí igi. Ẹyẹ ń fò, ẹyẹ ń bà. Ìfò ẹyinjú, ìbà ẹyinjú. Ǹ bá kọ ìfojúfò, ṣùgbọ́n ẹni tó fojú fo ọ̀rọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ẹyinjú kì í mọ̀ọ́mọ̀. Síbẹ̀ ó dùn mí láti sọ ọ́ nù, nítorí òótọ́ ni pé bí ẹyinjú bá ń fò, a kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ohunkóhun títí yóò fi bà. Ìbàlé ì bá dára ju ìbà lọ. Ẹ sáà rántí bí àwọn atẹ̀wé wa ti ń ṣe àmì ohùn, kí ẹ wá wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà yóò dà lọ́wọ́ wọn. Ìwé ìwádìí kọ́ ni a ó ti máa ka iye ìbálé.

Bí nǹkan bá ń rìn, tí ojú ń bá a lọ, Yorùbá ti ní fojú sìn. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo rú òfin mi. Kò sí bí ẹyinjú ṣe lè yọ́ lọ bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ohun tó ń lọ níwájú rẹ̀, a kì í kúkú sin ẹni tó jókòó sílé.

Àkókò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Ìbà kan kì í sábà ju ìdá márùn-ún sí ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá lọ, àwọn baba wa sì ti fi ìpéǹpéjú wọn àkókò kí kámẹ́rà tó dé. Àbúrò mi wá fẹ́ kí n kọ ọ́ pé ènìyàn máa ń ṣẹ́jú bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ sọ ìyẹn di ọ̀rọ̀-orúkọ kí ẹ wò ó: ìṣẹ́jú 15 nínú ìṣẹ́jú kan! Mo sáré lọ mú ìpajúdé.

Láti dán àwọn ọ̀rọ̀ yìí wò, mo fi wọ́n sọ ìtàn ìwádìí kan tí mo fẹ́ràn. Ní 1999, Michael Land ti Yunifásítì Sussex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun àti Neil Mennie àti Jennifer Rusted, de irú ẹ̀rọ yìí mọ́ orí àwọn ènìyàn mẹ́ta, wọ́n ní kí wọ́n lọ po tíì. Ẹyinjú ti ń bà lé kẹ́tù ní bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kí ọwọ́ tó kàn án. Ọwọ́ ò tíì parí ìyẹn tí ẹyinjú ti fò lọ sórí ife. Kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ibi tí kò kan tíì rárá. Ọ̀rọ̀ mi gbé e, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá kan ládùúgbò wa tí mo kà á fún ní, "Ṣé ẹ̀rọ náà ò ní gbé èrò inú mi jáde ṣá?" Mo ní rárá, Mà. Kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ẹ rí kẹ́tù náà. Ó ní, "Bí mo bá wò ó ńkọ́?" Mo bi í léèrè ìgbà mélòó ló ti wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe pa ọ̀rọ̀ náà "rí" rẹ́ nínú gbogbo ìwé náà nìyẹn.

Ó ṣì ku ọ̀rọ̀ tí a ó fi pe ohun tí ẹni tó gbójú kúrò lára ẹni tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ṣe. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, nǹkan tó ń fẹ́ àlàyé ni: bóyá ẹ̀rù ni, bóyá ìtìjú. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí bàbá ń bá wí tó wá ń wò ó lójú kòrókòró ló ń fẹ́ àlàyé. Bí mo bá sì kọ àmójúkúrò, mo ti sọ ọ́ di sùúrù àti ìdáríjì. Ìkúrò ẹyinjú ni mo kọ. Ó tutù bí omi òwúrọ̀, kò yin ẹnikẹ́ni, kò bú ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku gbólóhùn kan, èyí tó ní kí olùkópa máa ṣe bó ti ń ṣe lójú ayé. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo kà á, ẹ̀rín pa mí. Iṣẹ́ ojú ayé kọ́ ni èyí tí à ń ṣe nítorí pé wọ́n ń wò wá? Ní 2011, Evan Risko àti Alan Kingstone jábọ̀ ìwádìí kan tí wọ́n ti gbé kàlẹ́ńdà àwọn obìnrin tó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kọ́ sí yàrá. Àwọn tó wọ ẹ̀rọ atọpa-ẹyinjú kò wò ó tó bí àwọn tí kò wọ̀ ọ́ ti wò ó. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ wà lójú wọn, wọ́n ṣe ojú ayé.

Mo fa igi lé gbólóhùn náà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ po tíì yín bí ẹ ti máa ń pò ó nílé."